Ọwọ́ Tí Fàsásì Nà Jáde ní Ọjà'ba

Lọ́dún 1977, bí ẹnikẹ́ni bá dé gáréèjì Bẹẹrẹ, tó ní òun ń wá awakọ̀ tí kì í ṣe wàhálà lójú títì, orúkọ Fàsásì ni wọn yóò kọ́kọ́ dá. Ó ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń gun òkè Mápó lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ọlọ́pàá kan tó lè ní òun mú un rí. Fàsásì fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Bó bá ń rìn lọ ní Beyerunka, àyà rẹ̀ á yọ síwájú, fìlà rẹ̀ á gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan ní ìgbéraga ló ń ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ wakọ̀ láti ìgbà èwe títí irun yín fi funfun láìgbá ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni pa, ká wá wo bí ẹ̀yin náà yóò ṣe máa rìn.

Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé òun ni wọ́n gbé Sùúrù fún nígbà tí ẹgbẹ́ eléré mọ́tò ìlú ṣètò eré ìje ọjọ́ Òmìnira yí òkè Mápó ká. Sùúrù ni àwọn ará Ọjà'ba sọ ọkọ̀ náà. Nínú ìwé òfin eré, ọkọ̀ ààbò ni wọ́n pè é. Pijó funfun kan ni, tí wọ́n ta àsíá yẹ́lò mọ́ lórí. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, Sùúrù yóò jáde, yóò bọ́ síwájú gbogbo ọkọ̀ tó ń sáré, yóò máa rọra lọ, gbogbo wọn yóò sì tò tẹ̀lé e títí ọ̀nà yóò fi mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, àfi bí ẹni tó ń wà á bá rí i pé ọ̀nà ti mọ́, tó sì fi ọwọ́ júwe fún wọn pé kí wọ́n máa lọ. Ẹ wo irú agbára tí wọ́n kó lé èèyàn kan lọ́wọ́.

Kì í ṣe àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó ń fi ikùn fa ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sáré o. Ọkọ̀ ojoojúmọ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń gbé èrò lánàá, tí wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí lára. Wọ́n á gbéra níwájú Gbọ̀ngán Mápó, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba, wọ́n á yí gba Bẹẹrẹ gòkè padà, wọ́n á sì máa yí i bẹ́ẹ̀ títí ìyípo yóò fi pé. Òfin pàtàkì mìíràn ni pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà dúró lẹ́ẹ̀kan lẹ́sẹ̀ òkè, kí wọ́n pààrọ̀ táyà rẹ̀ kó tó máa lọ. Ẹni tí kò bá yà, kó má retí ife ẹ̀yẹ.

Láàárín àwọn tó forúkọ sílẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo ló wà. Kúlúsúmù ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà tó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ takisí, gbogbo ọ̀gá awakọ̀ tó lọ bá ló fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dirun. Fàsásì nìkan ló jù ú sídìí ọkọ̀, ó sì kọ́ ọ bó ṣe kọ́ àwọn ọkùnrin, pẹ̀lú èébú àti ìkanra. Kò yìn ín rí. Lọ́dọ̀ Fàsásì, ìyìn kì í ṣe oúnjẹ ọmọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ òdì nípa Kúlúsúmù lẹ́yìn rẹ̀, Fàsásì ni yóò dá onítọ̀hún lóhùn, onítọ̀hún kò sì ní padà sọ ọ́ mọ́.

Àṣà kan wà láàárín Fàsásì àtàwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá bá ọkọ̀ ọ̀gá lójú títì gbọ́dọ̀ tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì, pí-pí, láti fi kí i. Ọ̀gá yóò na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbọ́n afẹ́fẹ́ síwájú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, mo gbọ́, máa lọ, ọmọ mi. Ọmọṣẹ́ tó bá kọjá láìkí ọ̀gá, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Èyí tí ọ̀gá bá sì júwe fún tó kọ̀ tí kò lọ, ó rí ọ̀gá fín. Kúlúsúmù ti gba òmìnira tipẹ́, ó ti ní Dátísán tirẹ̀ tó fi ń ṣe takisí ní Bẹẹrẹ, síbẹ̀ kò tíì jẹ́ kọjá Fàsásì láìkí i.

Lọ́jọ́ eré náà, gbogbo ìlú ló tú jáde. Àwọn èèyàn gun orí ògiri àgbàlá, wọ́n gun páànù, wọ́n kún ojú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí àwọn ọkọ̀ ṣe gbéra, Kúlúsúmù bọ́ síwájú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí iwájú mọ́. Ẹni tó ń lé e ni Akínwùmí, mẹkáníìkì kan láti Mọ́kọ́lá, tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Akínwùmí ti yà dúró, ó ti pààrọ̀ táyà. Kúlúsúmù kò tíì yà. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìgbà tó bá yà ni eré gan-an yóò bẹ̀rẹ̀, torí Akínwùmí yóò kọjá rẹ̀ níbẹ̀, Kúlúsúmù ni yóò sì wá máa lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ọkọ̀ Fọ́ksì kan lára àwọn tó ń sáré fi já sí gọ́tà ní kọ́nà Ọjà'ba. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n onífọ́ksì yìí kò kọ́ni lọ́gbọ́n nìkan, ó tún fi ìdí ọkọ̀ rẹ̀ dí ìdajì títì. Kò ṣèṣe. Àwọn alágbàrù ọjà sáré bọ́ síbẹ̀, wọ́n kọ́wọ́ ti ọkọ̀ náà, wọ́n ń pariwo, "Hó-bẹ́ẹ̀! Gbé e!" Àwọn adájọ́ eré fi àsíá júwe fún Fàsásì, Sùúrù sì jáde síwájú Kúlúsúmù. Gbogbo ọkọ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe sún mọ́ kọ́nà, ojú Fàsásì ń bẹ lára àwọn alágbàrù tó yí Fọ́ksì ká. Ó ń rò ó bóyá ààyè tó kù lójú títì tó ọkọ̀ kọjá. Nígbà náà ló gbọ́ ọ lẹ́yìn, pí-pí.

Kò ronú. Ká ní ó ronú ni, ìtàn yìí ì bá má sí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ti jáde lójú fèrèsé, tó fi ẹ̀yìn gbọ́n afẹ́fẹ́ síwájú bó ṣe ń ṣe láti ọdún mọ́dún. Kí ó tó fà á padà, Dátísán ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fẹ́ fìì kọjá láàárín Sùúrù àti Fọ́ksì. Alágbàrù kan fò sẹ́yìn, ó ṣubú lé àwọn yòókù lórí. Ọkọ̀ kò kàn án. Ṣùgbọ́n Fàsásì rí bí ààyè náà ti kéré tó.

Kúlúsúmù ní tirẹ̀ kò wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá ti ní kó máa lọ, ó ń lọ. Nígbà tí àwọn yòókù ń fà tẹ̀lé Sùúrù, ó ti yípo dé ẹsẹ̀ òkè, ó yà, wọ́n pààrọ̀ táyà rẹ̀, ó sì tún bọ́ sójú títì kí Akínwùmí tó dé ibẹ̀. Nígbà tí Sùúrù fi yà kúrò lójú ọ̀nà, ìdúró tó yẹ kó fà á sẹ́yìn ti di ọ̀fẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i mú mọ́. Òun ló kọ́kọ́ kọjá ìlà, Mápó sì mì tìtì fún ariwo.

Akínwùmí kò bá wọn pariwo. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ tààrà sábẹ́ tẹ́ǹtì àwọn adájọ́ eré, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, obìnrin yẹn kọjá Sùúrù. Ìgbà tó kọjá ẹ̀ tán ló lọ pààrọ̀ táyà. Tí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ò mọ̀."

Kí wọ́n tó pe Fàsásì, Màmúdù ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Màmúdù ni alága gáréèjì Bẹẹrẹ, ọ̀rẹ́ Fàsásì láti ilé kéú. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Fàsásì, ṣé o na ọwọ́?"

"Mo nà án."

"Àlùhàmúdù lílàhì! Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ṣebí òfin ní ẹni tó ń wa Sùúrù lè júwe fún wọn bó bá rí i pé ọ̀nà ti mọ́? Sọ pé o rí i pé ọ̀nà ti mọ́. Gbólóhùn kan péré. Ife á wọlé sí Bẹẹrẹ, orúkọ tìẹ náà á dúró."

Fàsásì ń wo ẹnu rẹ̀. "Tí n kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á ní ọmọ rẹ lo ṣe ojúsàájú fún. Wọ́n á ní torí ife lo ṣe gba Sùúrù. Àbí o fẹ́ kí àwọn ará Mọ́kọ́lá máa fi orúkọ rẹ jẹ ẹ̀pà?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Fàsásì wọra. Orúkọ yẹn ni gbogbo ohun tó ní. Kò kọ́ ilé ńlá, kò lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò ní àbààwọ́n, òun náà sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó mọ̀ pé irọ́ tí Màmúdù ní kí òun pa kò le. Kò sí ẹni tó lè wọ inú orí èèyàn lọ wo ohun tó rò.

Adéníyì ni olórí àwọn adájọ́, ẹnjiníà kan tó máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Kúlúsúmù ni ó kọ́kọ́ bi.

"Ẹ̀yin ìyá, ṣé ọkọ̀ ààbò júwe fún yín kí ẹ tó kọjá?"

Kúlúsúmù yíjú, ó rí Fàsásì láàárín èrò. Ó rí bí àwọn èèyàn ṣe ń wo ọkùnrin náà, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí etí ara wọn. Ó ti yé e. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá rẹ̀ ló fẹ́ tì sí wọn lẹ́nu.

"Rárá," ló wí. "Kò júwe fún mi. Èmi ni mo fi ìwàǹwára kọjá. Ẹ gba ife yín."

Akínwùmí fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Mo rí ọwọ́ tó jáde o," ó ní. "Ohun tó ń wí ni n kò mọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni."

Ká tó wí ká tó fọ̀, Fàsásì ti ya àárín èrò kọjá. Kò lọ síwájú àwọn adájọ́. Ọ̀dọ̀ Kúlúsúmù ló lọ, inú ń bí i gidigidi.

"Ta ló kọ́ ọ ní irọ́?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ní ta ló kọ́ ọ? Mo kọ́ ọ ní jíà, mo kọ́ ọ ní búréèkì. Ọjọ́ wo ni mo kọ́ ọ ní irọ́?"

Kúlúsúmù kúnlẹ̀. Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. Fàsásì yí sí àwọn adájọ́, ó ṣí fìlà.

"Èmi ni mo na ọwọ́," ó ní. "Bí ọmọṣẹ́ mi bá kí mi lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dá a lóhùn. Ó kí mi, ọwọ́ mi sì dá a lóhùn. Ó rí ọwọ́ ọ̀gá ẹ̀, ó lọ. Kò ṣẹ̀ yín."

Adéníyì tẹ̀ síwájú. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Òfin fún yín láyè. Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tí ẹ na ọwọ́ yẹn, ṣé ọ̀nà ti mọ́?"

Màmúdù wúkọ́ láàárín èrò. Fàsásì gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ariwo àwọn ọmọ Bẹẹrẹ lóde, tí wọ́n ti ń kọrin orúkọ Kúlúsúmù. Ó rántí alágbàrù tó fò sẹ́yìn.

"Ọ̀nà ò mọ́," ni Fàsásì wí. "Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà nídìí Fọ́ksì. Díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ mi yìí pa èèyàn. Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa wa Sùúrù."

Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Kò gẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́.

Àwọn adájọ́ forí korí, wọ́n sì dá a báyìí pé Kúlúsúmù kò jẹ̀bi, torí wọ́n júwe fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà kò mọ́, èrè tó rí níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ìdúró tó fi pààrọ̀ táyà kò sì wọlé. Ẹni tí kò bá sì yà dúró, òfin ní kò ní ife. Nítorí náà, Akínwùmí ló ni ín.

Kúlúsúmù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ dá mi padà sí ibi tí mo wà kí n tó kọjá Sùúrù. Ká sá ìyípo tó kù. Ìdúró mi tí kò wọlé, n óò tún un ṣe. Tí ẹ bá gbé ife fún un báyìí, wọ́n á ní ọ̀gá mi ló pàdánù ẹ̀. Èmi ni kí n pàdánù ẹ̀ fúnra mi, tí mo bá máa pàdánù ẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò gba irú ẹ̀? Ẹni tó ti ní ife lọ́wọ́, kí ló ń wá nínú ọkọ̀ mọ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Akínwùmí lẹ ń béèrè. Akínwùmí wo ife lórí tábìlì, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀.

"Èèyàn ò tíì borí ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n bá gbé ife fún un lábẹ́ tẹ́ǹtì," ó ní. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Bí wọ́n ṣe tún un sá nìyẹn. Àwọn méjì péré ni, torí àwọn yòókù ti jìnnà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Fàsásì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ará ọjà lásán, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kúlúsúmù gbéra níwájú. Ó sá ìyípo kan, ó sì yà sẹ́sẹ̀ òkè bó ṣe ṣèlérí. Bí wọ́n ṣe ń ti jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ni Akínwùmí fò kọjá. Kí wọ́n tó so táyà tán, a kò rí ẹ̀yìn Akínwùmí mọ́.

Màmúdù mi orí. "Ó ti tán," ó ní.

Fàsásì ń fetí sí ẹ́ńjìnnì Dátísán bó ṣe ń bọ̀ láti ìhà Bẹẹrẹ. Ó gbọ́ bó ṣe yí jíà kó tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà. Ó gbọ́ pé kò tẹ búréèkì níbi tí àwọn ọmọdé awakọ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo èébú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Fàsásì ń gbọ́ nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sílẹ̀. Ní ìyípo kejì, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọkọ̀ méjèèjì pa pọ̀. Ní èyí tó tẹ̀lé e, ààyè tó wà láàárín wọn kò ju ti ọkọ̀ mélòó kan lọ. Àwọn ará Mọ́kọ́lá tó wá yin Akínwùmí ti ń pariwo fún Kúlúsúmù láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ sókè Mápó fún ìgbà ìkẹyìn, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà.

Akínwùmí ló kọ́kọ́ kọjá ìlà. Imú ọkọ̀ lásán ló fi ṣáájú.

Ariwo tó sọ kò jọ ti àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Kúlúsúmù bọ́ sílẹ̀, ó wá ọ̀gá rẹ̀ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. N kò rí i mú."

Fàsásì na ọwọ́ sí i, ó gbé e dìde. Ẹnu rẹ̀ wúwo, kò mọ bí wọ́n ṣe ń yin ọmọṣẹ́. "Kúlúsúmù," ó ní, "o wakọ̀."

Omi tí Kúlúsúmù ti ń pa mọ́ láti abẹ́ tẹ́ǹtì wá bọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé ife fún Akínwùmí, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Adéníyì. "Mo dúpẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ èyí sílẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí kì í bá ṣe Bàbá Fàsásì ló máa wa Sùúrù, ẹ má kọ orúkọ mi. Ẹni tó lè sọ pé ọ̀nà ò mọ́ nígbà tí ife ti wà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo fẹ́ tò sí."

Orí Fàsásì wú. N kò ní purọ́ fún yín, ó wú gan-an. Ó wo Màmúdù, Màmúdù ń wo ilẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni òun àti Kúlúsúmù fi ẹsẹ̀ rìn gba Beyerunka lọ sílé. Àwọn èèyàn ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè ibi tí ife wà, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Kejì ni a ṣe," ni Fàsásì ń dá gbogbo wọn lóhùn. "Èmi ni mo ṣàṣìṣe, òun ló wakọ̀." Kò sì rẹ ohùn sílẹ̀ fún ẹnì kankan.